Òjé Inú Irun Àníkẹ́

Bí ẹ bá jókòó sí àárín orúnkún Ojúọlá lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ̀ yín títí ayé nìyẹn. Kì í ṣe ojú ló fi ń dá ènìyàn mọ̀, orí ni. Ó lè gbàgbé orúkọ oníbàárà, ó lè gbàgbé ilé ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbàgbé àpá tó wà ní àtàrí rẹ̀. Obìnrin kan lọ sí Kùmásì fún ọdún mẹ́sàn-án, ó padà dé Ìkìrun, ó ní kí wọ́n di irun fún òun. Ojúọlá kò tilẹ̀ gbé ojú sókè wò ó. Ó fi ìka kàn án lórí, ó ní, "Ìwọ lo jábọ́ lórí igi ìṣin nígbà yẹn." Òun náà sì ni.

Ọmọ Inísà ni, ilé ọkọ ló gbé e wá sí Ìkìrun. Ilé wọn àti ilé tiwa dojú kọra wọn lọ́nà tó lọ sí rélùweè, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ìwà rẹ̀, mo sì mọ àléébù rẹ̀. Òòyà onígi kan, ìkòkò àdí kékeré kan àti àpótí ìjókòó kan, gbogbo ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí ìka rẹ̀ bá rí lórí ènìyàn, inú rẹ̀ ló ń kó o sí. Nílùú wa, a máa ń yin irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ní kì í ṣe òfófó. Èmi Keziah, ìyá Adédùntán, kò yin irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọdún 1964, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹnu Ojúọlá fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tí ojú mi kò tó, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Àníkẹ́. Òkukù ni Àníkẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, Adéjàre, tó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé àti olùkà ìwé mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni Àníkẹ́ máa ń wọ ọkọ̀ wá sí Ìkìrun kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè di irun fún un. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òun lórí.

Nínú òjò ọdún 1962 ni ìka Ojúọlá kọ́kọ́ rí nǹkan náà. Ó ń pín irun lẹ́yìn etí òsì Àníkẹ́, nǹkan kan sì ń lù lábẹ́ ìka rẹ̀. Gbogbo iṣan ló ń lù, ó mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lọ́ pọ̀ bí ekòló tí òjò lé jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlẹ̀. Ó gbé ìka kúrò, ó tún kún padà. Kò sọ fún Àníkẹ́, kò sọ fún Adéjàre, kò sọ fún ìyá wọn. Ó kàn yí ojú irun padà kí ó má baà fa ibẹ̀ mọ́. Ó gbà pé ohun tí a kò bá dárúkọ kò ní mọ ọ̀nà ilé wa.

Nǹkan náà mọ ọ̀nà, ó sì gbà á wá. Nígbà tí ọdún 1964 fi máa wọlé, Àníkẹ́ ò lè sùn mọ́. Ó ní ẹnìkan ń lọ ata nínú orí òun, ọlọ náà kì í sinmi lọ́sàn-án tàbí lóru. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni, àwọn kan ní àròjù. Adéjàre alára rò pé ẹ̀rù lásán ni, títí di ọjọ́ tó fi etí tirẹ̀ lé etí ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Fùù, fùù, fùù, bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù ni ọlọ náà ń lọ. Ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù nǹkan kan dìde lórí ibùsùn, ó lọ dúró síta.

Láti ọ̀dọ̀ dìsípẹ́ńsà Ìkìrun ni wọ́n ti rán wọn lọ sí Òṣogbo, láti Òṣogbo ni wọ́n ti rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà gbọ́ ọlọ náà, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ ló ti lọ́ mọ́ èyí tó ń gbé e bọ̀, tí wọ́n di ìdì kan. Bí wọn kò bá yọ ìdì náà, ó lè bẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ọ̀bẹ kàn án láìmọ ibi tó ti ń mu ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa kọ́kọ́ yàwòrán rẹ̀.

Ilé ìyá wọn ní Inísà ni Adéjàre ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa yà á. Ojúọlá wà níbẹ̀. Ó ní iṣan kì í hàn nínú ẹ́kísíréè bí egungun ṣe ń hàn. Wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ gún iṣan ńlá tó wà lọ́rùn, wọ́n máa fi oògùn kan sí i, bí oògùn náà bá sì ti ń bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sórí, ẹ̀rọ yóò máa yàwòrán ipa ọ̀nà rẹ̀. Olùkọ́ ni, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní dókítà sọ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan wà tí ọwọ́ ẹni tí wọ́n gún lè kú, tàbí kí ọ̀rọ̀ ṣòro fún un.

"Abẹ́rẹ́ lọ́rùn?" Ìyá wọn ló béèrè. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. "Ẹran ni wọ́n máa ń ṣe nǹkan sí lọ́rùn, Tíṣà."

"Mo mọ̀ pé ó ń bani lẹ́rù, màmá. Ẹ bá wa gbàdúrà sí i."

Àdúrà tí Adéjàre ń sọ àti èyí tí Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n gbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Olórìṣà ni Àbẹ̀kẹ́. Aṣọ funfun nìkan ló ń wọ̀, òjé sì ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, irin rírọ̀ tí àwọn olùsìn Òrìṣàńlá ń lò, tó dúdú díẹ̀, tó sì wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adéjàre ti dá ohun tó gbé wá sí Òkukù padà fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní bí ó bá tún mú nǹkan ojúbọ wọ ilé òun, kò ní rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìyá náà kò jà. Ó kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbà rẹ̀.

Nígbà tí Adéjàre jáde, ìyá pe Ojúọlá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ọ̀bẹ gé díẹ̀ lára òjé ọwọ́ rẹ̀, ó yí i láàárín ìka títí ó fi dà bí hóró àgbàdo.

"Òrìṣà ló mọ orí," ó ní. "Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ wo orí tí ó mọ, kí ó wà níbẹ̀. Dì í mọ́ irun rẹ̀. Má sọ fún Àníkẹ́, kò ní lè pa á mọ́ fún ọkọ rẹ̀."

Aládùúrà ni Ojúọlá. Aṣọ funfun tirẹ̀ náà wà nílé, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun gbà á. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan rí. Ó gbà á.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò Ìbàdàn, ó di kọ̀lẹ́sẹ̀ fún Àníkẹ́, irun tó tẹ́ sílẹ̀ tó sì kọjú sí ìpàkọ́, kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sùn lé. Ó fi òwú dúdú so òjé mọ́ gbòǹgbò irun lókè etí ọ̀tún, ó sì di irun bò ó. Ọ̀tún ló fi sí nítorí pé kò fẹ́ kí ohunkóhun fa òsì tó ń dunni.

"Ọwọ́ yín le lónìí o, ẹ̀gbọ́n mi," Àníkẹ́ sọ.

"Mo fẹ́ kó pẹ́ lórí rẹ ni."

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí Àníkẹ́ bọ́ gbogbo irin tó wà lára rẹ̀. Ó bọ́ yẹtí, ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó. Wọ́n béèrè bóyá ó kù, ó ní kò kù mọ́. Òótọ́ ló sọ, nítorí kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Adéjàre dé láti Ìbàdàn. Ó ń lọ sí Òkukù láti wá ọkùnrin méjì tó máa fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́jẹ̀, ó wá yà lọ́dọ̀ Ojúọlá. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ó ní wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n ti ya àwòrán láti ẹ̀gbẹ́, ó ku kí wọ́n yà á láti iwájú, ni ọwọ́ ọ̀tún Àníkẹ́ bá kú, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró kíá. Ahọ́n ti ń já gaara padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò tíì lè di ife mú.

"Ṣé àwòrán náà dáa?" Ojúọlá béèrè.

"Ìdì iṣan yẹn hàn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan funfun kan, bí hóró àgbàdo. Kò yé wọn. Wọ́n ní bóyá iṣan náà ti ń di òkúta níbẹ̀, bóyá irin kan ti wọ inú egungun rẹ̀ láti kékeré. Dókítà ní òun kò lè fi ọ̀bẹ kan orí tí nǹkan tí òun kò mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n máa tún abẹ́rẹ́ náà gún, kí wọ́n lè yà á láti iwájú."

"Ọrùn yẹn náà?"

"Ọrùn yẹn náà." Ó nu ojú. "Èkíní mú ọwọ́ lọ. Mi ò mọ ohun tí èkejì máa mú."

Ojúọlá béèrè apá ibi tí nǹkan funfun náà wà.

"Òsì. Lókè etí, níbi tí ìdì náà wà gan-an."

Ó sọ fún mi pé ńṣe ni òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Òsì ni wọ́n wí, ọ̀tún ni òun fi tòun sí! Nígbà náà, kì í ṣe òjé. Nǹkan mìíràn ni, ọ̀ràn dókítà ni, kò kan òun, kò kan ìyá. Ó bu omi fún Adéjàre, ó kí i kú ìrọ́jú, ó sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà. Kò sọ nǹkan kan. Wákàtí kan ni ọkùnrin náà fi jókòó níwájú rẹ̀.

Èmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì fẹ́ ṣùkú. Kò tíì pín irun méjì tí mo fi mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Ó pín in wọ́. Ojúọlá, tí a máa ń sọ pé èèrà lè tọ ojú irun rẹ̀ láìṣìnà, pín irun mi wọ́, ó tú u, ó tún pín in wọ́. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó ní ara òun yá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ mi bí ọ̀tún ènìyàn ṣe lè di òsì. Mo ní bí ó bá yí padà ni. Ó ní, "Ó dùbúlẹ̀ ni, kò yí padà." Mo rò pé àlá ló ń rọ́.

Aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lórí okùn níwájú wa, ó fi í kọ́ okùn ní ìṣẹ́po méjì, oòrùn sì ń ràn bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ewé fúrúùtù kan hàn lójú aṣọ náà. Ojúọlá kórìíra ìdọ̀tí lára aṣọ yẹn. Ó dìde, ó lọ ṣí i kúrò. Mo rí i tó fọwọ́ ra ojú aṣọ náà, tó tún fọwọ́ ra á. Kò bá ewé kankan. Ó gbé ìṣẹ́po iwájú sókè, ewé náà sì nìyẹn lára ìṣẹ́po ẹ̀yìn, tó lẹ̀ mọ́ ọn. Oòrùn ló mú òjìji rẹ̀ wá sójú ibi tí kò sí.

Ó dúró síbẹ̀. Ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ewé tún hàn lójú rẹ̀. Ó gbé e sókè, ewé kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ara rẹ̀.

"Láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n yà á," ó ní. "Láti ẹ̀gbẹ́ ni."

Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìborùn àti ìdì owó kékeré. Mo ní, "Ojúọlá, níbo? Ìdajì orí mi ṣì wà nílẹ̀." Ó ti dé ẹ̀bá ọ̀nà kó tó dá mi lóhùn.

"Ìyá Adédùntán, ẹ má bínú. Orí tiyín kò sí nínú ewu."

Bí mo ṣe fi gèlè bo orí àbọ̀ lọ sí ìgbéyàwó nìyẹn. Àwọn tó rí mi kò tíì jẹ́ kí n gbàgbé.

Ọkọ̀ kan gbé e dé Òṣogbo. Èyí tó wọ̀ láti Òṣogbo kò lọ bọ̀rọ̀, ó ń dúró gbé ẹ̀gẹ́, ó ń dúró gbé èdú. Ní gbogbo ibi tó bá ti dúró, Ojúọlá ń bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́, títí awakọ̀ fi bi í bóyá ó ti di ọ̀gá òun. Nígbà tó fi máa dé Ìbàdàn, àkókò ìbẹ̀wò ti kọjá. Olùṣọ́ ní kí ó padà wá lọ́la. Ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti í ṣàlàyé, ìgbà tó sì gbẹ́nu lé òjé àti irun àti ewé fúrúùtù, olùṣọ́ rọra fà á sẹ́yìn. Àárín àwọn ìyá aláìsàn tó ń sùn sórí ẹní lábẹ́ òrùlé ìta ló sùn. Ó ní gbogbo ohun tí òun ń rò ni ọwọ́ ọ̀tún Àníkẹ́, pé bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni èkíní mú, ẹnu ni èkejì máa mú, àti pé òun tí Ọlọ́run fún ní ẹnu kò lò ó.

Nígbà tí wọ́n ṣí géètì ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tẹ̀ lé àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ, ó wọlé. Ó béèrè, ó ṣìnà, ó tún béèrè. Ibi tó ti rí Àníkẹ́ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, lórí ibùsùn onítáyà tí nọ́ọ̀sì kan ń tì lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ibi tí ẹ̀rọ wà. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó dé àyà. Ọrùn rẹ̀ wà níta, ó sì wú ní apá kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. "Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá tú irun rẹ."

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Màmá, irun kọ́ la wá ṣe níbí. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó sì ń tì í lọ. Ojúọlá di irin ibùsùn mú. Nọ́ọ̀sì gbóhùn sókè díẹ̀. Ojúọlá kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan yọjú. Morákinyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ẹ́kísíréè. Ó wọ nǹkan nínípọn kan láti ọrùn dé orúnkún, bí aṣọ àwọn alágbẹ̀dẹ. Ó béèrè ohun tó dé. Ojúọlá fi irin sílẹ̀, ó di etí aṣọ náà mú. Aṣọ náà wúwo, ó tutù.

"Bàbá, ẹ má gún un. Nǹkan funfun tí ẹ rí, èmi ni mo fi síbẹ̀. Òjé ni. Ọ̀tún ló wà, kì í ṣe òsì. Inú irun ló wà, kò sí nínú orí rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ lẹ ti yà á ló ṣe dà bíi pé òsì ló wà."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti há mọ́ ọn lẹ́nu ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àníkẹ́ ń wò ó. Morákinyọ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú u. Ó ní kí nọ́ọ̀sì dúró.

"Níbo, màmá?"

Ojúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun. Ìka tó ń tú orí ènìyàn láìwò ó kò rí ìdí òwú tí òun fúnra rẹ̀ so. Ó so ó le jù. Ó ń fa Àníkẹ́ lórí, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó tún ń fà á. Nọ́ọ̀sì tó ń jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ló mú sísọ́ọ̀sì wá. Wọ́n gé òwú náà, hóró òjé jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Ojúọlá, ó gbé e lé ti Morákinyọ̀.

Morákinyọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó fi ìka lu àyà ara rẹ̀, lórí aṣọ wúwo náà.

"Òjé ni mo wọ̀ yìí náà, màmá. Ìtànṣán ẹ̀rọ wa kò lè là á kọjá. Ibikíbi tó bá ti wà, funfun ló máa hàn."

Ó gbé e wọlé lọ bá dókítà. Wọ́n ti Àníkẹ́ wọlé, wọ́n ní àwòrán kan péré, láìsí abẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn pa dé. Ojúọlá dúró. Ó ní ìgbà tí òun lè fi di ìlà irun mẹ́ta ni, òun sì ń dì wọ́n lóòótọ́, ìka òun ń lọ lórí afẹ́fẹ́. Ó ń gbọ́ ohùn òyìnbó nínú yàrá, kò mọ̀ bóyá ìbínú ni. Bí nǹkan funfun náà bá ṣì wà níbẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé òjé wà, òkúta náà tún wà ńkọ́?

Morákinyọ̀ ṣílẹ̀kùn. "Kò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní. "Dókítà ní kò sí abẹ́rẹ́ kejì. Àwọn tí a ti yà tẹ́lẹ̀ ti tó. Ẹ wá wò ó."

Ó mú un dé iwájú àpótí kan tí iná ń tàn nínú rẹ̀, tí àwòrán àkọ́kọ́ wà lójú rẹ̀. Ojúọlá rí orí àbúrò rẹ̀ láìsí ojú, láìsí irun. Ó rí iṣan ọrùn tó gòkè tó yapa, kókó kékeré òjé náà, àti lẹ́yìn etí, ìdì náà, tó takókó bí irun ẹni tí kò fi òòyà kan orí fún oṣù mẹ́ta. Morákinyọ̀ fi pẹ́ńsù tọ́ka sí iṣan kan tó ń bọ́ ọ. Ó ní òde egungun ló wà, kò wọ ọpọlọ, àti pé bí wọ́n bá so ìyẹn, wọ́n á lè yọ gbogbo rẹ̀.

Ojúọlá gbé ìka lé ojú kan nínú ìdì náà. "Ibí ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án."

"Nígbà wo?"

"Ó pé ọdún méjì."

Dókítà béèrè ohun tó sọ. Morákinyọ̀ wo Ojúọlá fún ìgbà díẹ̀. Ó dá dókítà lóhùn pé màmá kò sọ nǹkan kan.

Ọkọ̀ ojú irin gbé Adéjàre dé lọ́sàn-án, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún un kí Ojúọlá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojúọlá ti múra sílẹ̀ fún igbe, fún ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà, fún ohunkóhun. Adéjàre kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó níwájú yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ju ohun gbogbo tí Ojúọlá múra sílẹ̀ fún.

Wọ́n fá orí Àníkẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọlọ náà dákẹ́. Ahọ́n rẹ̀ padà já gaara pátápátá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì padà bó ṣe wà. Títí di òní, ọwọ́ òsì ló fi ń gúnyán. Kì í ṣe òjé ló mú ọwọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá sì gún un bó ti wù kó rí. Mo ti sọ èyí fún Ojúọlá tó ìgbà ogún. Ó máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí òun bá ti sọ̀rọ̀ ní ọdún 1962, bóyá ìdì náà ì bá kéré tí wọn kò ní nílò abẹ́rẹ́.

Ó gbé hóró òjé náà padà fún ìyá wọn ní Inísà. Ó rò fún un bí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ṣe wọ òjé láti ọrùn dé orúnkún. Àbẹ̀kẹ́ yí hóró náà láàárín ìka.

"Òrìṣà mọ ibi tí wọ́n ń wọ òjé sí," ó ní níkẹyìn. "Èmi ni mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Oṣù mẹ́wàá ni irun Àníkẹ́ fi gùn tó èyí tí ọwọ́ lè mú. Ní gbogbo ìgbà náà, Ojúọlá kò dé Òkukù, nítorí Adéjàre kò ní kó wá, òun náà kò sì ní ojú láti lọ. Àníkẹ́ fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ wá, ní Sátidé kan, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo wà lórí àpótí. Mo dìde fún un, ìdajì orí mi tún wà nílẹ̀, mi ò bínú.

Àníkẹ́ jókòó sí àárín orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣí gèlè. Ojúọlá kò gbé òòyà. Ó fi ìka méjì lé ẹ̀yìn etí òsì, ó fi wọ́n síbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àníkẹ́ fi béèrè ohun tó ń wá.

"Kò lù mọ́," Ojúọlá sọ.

Ohùn rẹ̀ jáde sókè, bíi ti ẹni tó ń bá èrò ọjà sọ̀rọ̀. Omi wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń pín irun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ohun tí ìka rẹ̀ ń bá. Ó ní àpá náà gùn tó ìka ọwọ́ kan. Ó ní irun kò tíì hù dáadáa ní etí rẹ̀. Ó ní ibí yìí gbóná díẹ̀, bóyá oòrùn ni, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún dókítà. Ó ní egungun kan yọ díẹ̀ níbí, ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti kékeré, òun kàn ń sọ ọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó," Àníkẹ́ sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́."

Kò dákẹ́.